Ta ló ń lọ wo inú àwọn ilé tí wọ́n ń kó aláàbọ̀ ara sí ní agbègbè wa?

ỌmọÌsánlú
Òkun gbogbo ilé o. Ẹ jọ̀ọ́ mo fẹ́ béèrè nǹkan lọ́wọ́ yín, ẹ fara balẹ̀ kà á torí ó gùn díẹ̀. Mo ní àbúrò ọkùnrin kan, ọmọ ọdún 31, wárápá ń mú un láti kékeré, ọpọlọ rẹ̀ ò sì yá bíi ti ẹgbẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń sọ̀rọ̀, ó ń fọ abọ́, ó mọ orin ìjọ jù mí lọ. Màmá wa ló ń tọ́jú ẹ̀ ní Ìsánlú títí tí màmá fi lọ. Èmi wà ní Lọ́kọ́jà pẹ̀lú ọkọ àti ọmọ mẹ́rin nínú yàrá méjì. Àwọn ẹbí ní kí n mú un lọ sí ilé kan lójú ọ̀nà tó jáde láti Kàbà, pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tọ́jú irú wọn. Mo san owó oṣù mẹ́ta sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ti lo ọ̀sẹ̀ méjì ó lé níbẹ̀ báyìí.

Lọ́jọ́ tí mo lọ kí i, wọ́n ní kí n dúró ní pálọ̀, wọ́n lọ mú un wá. Ó mọ́ tónítóní, àmọ́ aṣọ tó wà lọ́rùn rẹ̀ kì í ṣe tiẹ̀. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n rí ibi tó ń sùn, ọ̀gá ibẹ̀ ní àlejò kì í wọ ẹ̀yìn, kí àwọn yòókù má baà dààmú. Mo wá bi í pé mà, ta ló fún yín láṣẹ láti ṣe ilé yìí? Ló bá na ìka sí ògiri, ìwé CAC ni, ti àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n ti fi férémù sí i. Ó ní ìjọba mọ àwọn. Mi ò mọ ohun tí mo lè fi dá a lóhùn, mo dákẹ́, mo sì wọ mọ́tò padà sí Lọ́kọ́jà, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà mi ò rí oorun sùn. Ṣé ìwé yẹn náà ni láísẹ́ńsì? Ta ló ń lọ wo inú àwọn ilé báyìí? Ẹni tó bá mọ̀ kó bá mi dá sí i.

OlùkọAyétòrò
Ẹ kú ará fẹ́ra kù màmá, Ọlọ́run á tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere. Ìbéèrè yìí, a kì í béèrè ẹ̀ ní ilẹ̀ wa. Iye tí wọ́n ń gbà lóṣù nìkan la máa ń béèrè.

Lọ́yàKàbà
Ẹ̀gbọ́n, ìwé CAC kì í ṣe láísẹ́ńsì, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó yé gbogbo wa. Ẹgbẹ́ tàbí ìjọ tàbí àjọ aláàánú tó bá forúkọ sílẹ̀ ní CAC lábẹ́ òfin ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́, CAMA ti 2020, ohun tó gbà ni pé òun lè ṣí àkáǹtì ní báńkì lórúkọ ẹgbẹ́, òun lè ra ilẹ̀, òun lè pe ènìyàn lẹ́jọ́ kí wọ́n sì pe òun náà. Ó parí. Kò sẹ́ni láti CAC tó máa wá ka iye ènìyàn tó ń sùn lórí fóòmù kan. Ẹni tó forúkọ ilé ìwòsàn sílẹ̀ ní CAC, ṣé ó lè gún ènìyàn lábẹ́rẹ́ lọ́jọ́ kejì láìgba àṣẹ lọ́wọ́ mínísírì ìlera? Kò lè ṣe é. Bákan náà ló yẹ kó rí fún ilé ìtọ́jú.

Tó bá jẹ́ ọmọdé ni, ọ̀rọ̀ ṣì lójú díẹ̀. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọ ti 2003 wà, Kògí wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó ti sọ ọ́ di òfin tiwọn, ilé tó bá ń kó ọmọ jọ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀, mínísírì ọ̀rọ̀ obìnrin àti ìdàgbàsókè àwùjọ ló ni iṣẹ́ yẹn ní ìpínlẹ̀. Àmọ́ ọmọ ọdún 31 ni àbúrò yín, òfin ọmọdé ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́.

Òfin tó wà fún aláàbọ̀ ara ní gbogbo Nàìjíríà, èyí tí ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù kìíní 2019, dára púpọ̀. Ó ní ẹni tó bá ya aláàbọ̀ ara sọ́tọ̀ fún ìyà, ẹnì kan ni o, ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí méjèèjì, ilé iṣẹ́ ni o, mílíọ̀nù kan náírà. Òun ló dá NCPWD sílẹ̀ ní Àbújá, àjọ ìjọba fún ọ̀rọ̀ aláàbọ̀ ara, òun ló fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò ní ọdún márùn-ún kí wọ́n fi ṣe ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara lè gbà wọlé, ọdún márùn-ún yẹn sì ti pé láti oṣù kìíní 2024. Ẹ̀tọ́ ló dá lé lórí. Bí wọ́n ṣe ń fún ilé tó ń gba àgbàlagbà sílé láṣẹ, bí wọ́n ṣe ń ṣàyẹ̀wò rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń gba àṣẹ náà padà, ibẹ̀ yẹn ló ṣófo, ibẹ̀ sì ni àbúrò yín bọ́ sí.

Ẹyọ kan ṣoṣo tí mo lè nawọ́ sí ni àdéhùn àgbáyé ti aláàbọ̀ ara tí Nàìjíríà fọwọ́ sí pátápátá ní 2010. Abala 16 sọ pé gbogbo ilé tí wọ́n bá ṣe fún aláàbọ̀ ara, àwọn aláṣẹ tó dá dúró gbọ́dọ̀ máa bojú tó o. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn o, tó dá dúró. Kì í ṣe ẹni tí onílé yóò se iyán dè.

BàbáWelfare
Lọ́yà, o sọ̀rọ̀ iyán, o rán mi létí nǹkan. Iṣẹ́ welfare ni mo ṣe ní káńsù títí mo fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tiwa, tí a bá fẹ́ lọ wo ilé kan, a máa kọ lẹ́tà ṣáájú, pé à ń bọ̀ ní ọjọ́ báyìí. Ẹ rò ó wò. Tí a bá fi máa dé, wọ́n ti fọ ilẹ̀, wọ́n ti da ìzàl síbẹ̀, bẹ́ẹ̀dìṣíìtì tuntun wà lórí gbogbo fóòmù, ẹran wà nínú ọbẹ̀. A óò kọ sínú ìwé pé ó dára. Ọ̀nà àtidé ibẹ̀ gan-an, ọ̀kadà ni, owó àpò wa sì ni, torí mọ́tò káńsù kì í sí fún welfare.

Mo lọ láìkọ lẹ́tà lẹ́ẹ̀kan. Ọjọ́ ọjà ni, mo kàn yà síbẹ̀. Ohun tí mo rí lọ́jọ́ náà mi ò ní kọ gbogbo rẹ̀ síbí. Àwọn mẹ́rìnlá ló wà nínú yàrá tó yẹ mẹ́ta. Mo kọ ìròyìn, ojú ewé mẹ́rin, mo fi ránṣẹ́ sókè. Ẹ mọ ohun tí wọ́n bi mí? Wọ́n ní bàbá, tí a bá ti ilé yẹn pa, níbo ni ká kó àwọn mẹ́rìnlá yẹn lọ? Mi ò ní èsì. Mọ̀lẹ́bí àwọn kan ti pa nọ́ńbà fóònù dà. Wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí di òní.

Ìyá, gbọ́, tí o bá tún lọ, lọ láàárọ̀ kùtù, má pè wọ́n. Má jókòó ní pálọ̀. Wo ìlẹ̀kùn yàrá, wo ẹ̀gbẹ́ tí bóòtì tí wọ́n fi ń ti ìlẹ̀kùn wà. Tó bá jẹ́ ìta ni bóòtì wà, ẹni tó wà nínú ò lè jáde tí iná bá sọ lóru. Ka fóòmù, kí o wá bi wọ́n pé ẹni mélòó ló wà níbí. Ní kí wọ́n mú ìwé oògùn wá. Wo ẹsẹ̀ àwọn yòókù, kì í ṣe ti àbúrò rẹ nìkan.

NọọsìẸgbẹ
Bàbá ẹ ṣé. Ẹ jẹ́ kí n fi kún ti oògùn, torí wárápá ni. Oògùn wárápá kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fún ènìyàn lónìí tí wọ́n ń gbàgbé lọ́la. Tí wọ́n bá dá a dúró lójijì, ó lè gbé e léraléra láìjẹ́ kó mí sí i, ẹ̀mí sì lè lọ síbẹ̀. Ilé tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ á ní ìwé kan tí wọ́n ń kọ ọjọ́, aago, iye hóró, àti ẹni tó fún un. Tí kò bá sí ìwé, ẹ ka hóró tó kù nínú ọ̀rá, ìṣirò ò ní parọ́ fún yín. Ẹ tún wò ó tó bá ń sùn ṣáá lọ́sàn-án tí ìtọ́ ń dà lẹ́nu ẹ̀ bí kò ṣe rí tẹ́lẹ̀. Àwọn kan máa ń fi oògùn oorun pa wọ́n lẹ́nu mọ́ kí ilé lè dákẹ́.

ArábìnrinÌjùmú
Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀, mo fẹ́ sọ tèmi, ẹ má bínú. Èmi ní ilé báyìí. Àwọn mẹ́fà ló wà lọ́dọ̀ mi, méjì nínú wọn, òru ni wọ́n gbé wọn wá sí géètì tí wọ́n sì sá lọ, mi ò mọ bàbá wọn, mi ò mọ ìyá wọn. Ẹ̀fọ́ inú ọgbà mi la fi ń jẹun. Mi ò ní láísẹ́ńsì, torí nígbà tí mo lọ béèrè ní ọ́fíìsì kan, wọ́n ní ti ọmọdé nìkan làwọn ní fọ́ọ̀mù ẹ̀, wọ́n ní kí n lọ sí ọ́fíìsì mìíràn, àwọn yẹn ní kí n padà síbi tí mo ti ń bọ̀. Ìgbà mẹ́ta.

Ohun tí ń bà mí lẹ́rù nìyí: tí ìjọba bá ṣe òfin láísẹ́ńsì lọ́la tí wọ́n wá fi owó ńlá sí fọ́ọ̀mù, ẹni tó ń fi ènìyàn ṣòwò ló máa rówó san, á fi férémù sí i, àwa tí à ń ta iṣu ra pámpásì ni wọ́n máa tì pa. Ẹ ronú sí ìyẹn náà. Ní ti àyẹ̀wò, kí wọ́n máa bọ̀. Àárọ̀ ni o, alẹ́ ni o, ilé mi ò ní ẹ̀yìn tí àlejò kì í wọ̀.

Lọ́yàKàbà
Arábìnrin, Ọlọ́run á bù kún ọwọ́ yín. Ohun tí ẹ sọ nípa owó fọ́ọ̀mù, òótọ́ ni, mi ò sì tíì rò ó débẹ̀. Kí ó jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ilé kéékèèké, kí wọ́n fún wọn lákòókò láti tún ilé ṣe, kí àyẹ̀wò sì le fún gbogbo ènìyàn bákan náà.

Kíà_Leeds
Òkun o ẹ̀yin èèyàn mi. Iṣẹ́ kíà, ìtọ́jú ènìyàn, ni mò ń ṣe níbí, ilé àwọn tó ní ìpèníjà ọpọlọ gan-an ni, kí n sọ bó ṣe rí ní England, kì í ṣe láti fi yangàn. Kó o tó gba ẹnì kan ṣoṣo sílé, o gbọ́dọ̀ ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CQC, àjọ tó ń forúkọ ilé ìtọ́jú sílẹ̀ tó sì ń ṣàyẹ̀wò wọn, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yẹn ní 2009. Ẹni tó bá ṣe é láìforúkọ sílẹ̀, ọ̀daràn ni. Wọ́n á wo mánéjà náà fúnra rẹ̀ bóyá ó kájú ẹ̀. Àwa òṣìṣẹ́, wọ́n á wo ìwé ìtàn wa lọ́dọ̀ ọlọ́pàá kí wọ́n tó jẹ́ ká sún mọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn íńspẹ́kítọ̀ lè wọlé láìsọ, wọ́n á bá àwọn tó ń gbé ibẹ̀ sọ̀rọ̀ láìsí mánéjà nítòsí, lẹ́yìn náà wọ́n á fún ilé ní máàkì, ọ̀nà mẹ́rin ló pín sí: ó peregedé, ó dára, ó nílò àtúnṣe, kò kájú òṣùwọ̀n. Dandan ni kí ilé lẹ máàkì yẹn síbi tí ojú á ti rí i.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ apá kejì. Ibì kan wà nítòsí Bristol tí wọ́n ń pè ní Winterbourne View, ilé ìwòsàn aládàáni fún àwọn tó ní ìpèníjà ọpọlọ, ó forúkọ sílẹ̀, ìwé rẹ̀ pé. Nọ́ọ̀sì kan tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ sọ fún àwọn ọ̀gá, ó sọ fún CQC pé wọ́n ń lu àwọn ènìyàn, wọn ò ṣe nǹkan kan. Ó di 2011 tí BBC fi kámẹ́rà pamọ́ wọlé kí ayé tó rí i. Òṣìṣẹ́ mọ́kànlá ni ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi, mẹ́fà ṣẹ̀wọ̀n. Nítorí náà kí a má rò pé tí a bá ti rí láísẹ́ńsì, ó ti tán. Etí tó ń gbọ́ ẹjọ́ àti ẹsẹ̀ tó ń lọ wò ó ló kù.

ỌmọBùnúHouston
Níbí ní Texas, ìpínlẹ̀ ló ń fún ilé ìtọ́jú láṣẹ. Tó o bá gba ẹni mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí kì í ṣe ẹbí rẹ, tó ò ń fún wọn lóúnjẹ àti ibùgbé, tó ò ń bá wọn wẹ̀, tó ò ń bá wọn wo oògùn, láísẹ́ńsì pọn dandan. Ẹ wá wo ohun tí àwọn ènìyàn ń ṣe, wọ́n á gba mẹ́ta síbí, mẹ́ta sí òpópónà kejì, kí wọ́n má baà kan mẹ́rin. Tí a bá máa ṣe òfin tiwa ní Kògí, kí a má fi iye ènìyàn ṣe ẹnu ọ̀nà àbáyọ. Ẹni kan ṣoṣo tí wọ́n tì mọ́lé náà, ènìyàn ni.

ẸlẹṣinỌ̀run
Ẹ̀gbọ́n ỌmọÌsánlú, èmi rò pé ẹ gbé e lọ sí ilé àdúrà. Wárápá ò ṣẹ̀yìn ayé. Wòlíì kan wà tó ti gba ọ̀pọ̀ lórí òkè.

NọọsìẸgbẹ
Àdúrà dára, èmi náà ń gbà á. Ṣùgbọ́n kí a má gbé e *fi síbẹ̀*. Àjọ Human Rights Watch lọ sí ibi 28 ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ àti Àbújá láàárín 2018 sí 2019, ilé ìwòsàn ìjọba wà níbẹ̀, ilé oníṣègùn wà níbẹ̀, ti ìjọ àti ti mùsùlùmí wà níbẹ̀, wọ́n rí àwọn tó ní àìsàn ọpọlọ nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Lọ́dún 2019 yẹn kan náà, ọlọ́pàá kó àwọn tó lé ní 200 jáde nínú ilé kan ní Ojoo ní Ìbàdàn. Mọ̀lẹ́bí ló mú ọ̀pọ̀ wọn wá fún ìtọ́jú o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó máa lo oògùn rẹ̀, kí pásítọ̀ wá gbàdúrà fún un nílé.

KẹkẹMẹtaMọ̀pà
Mo ti ka gbogbo ẹ̀. Ẹ ti sọ̀rọ̀ òfin, ẹ ti sọ̀rọ̀ England, ẹ ti sọ̀rọ̀ Texas. Kò tíì sẹ́nì kankan tó béèrè ohun tí ọmọkùnrin yẹn fẹ́. Ẹ sọ pé ó ń sọ̀rọ̀, àbí?

Rọpárọsẹ̀ ló mú mi nígbà tí mo wà ní kékeré. Nígbà tí bàbá mi kú, àwọn ẹbí jókòó ní pálọ̀, wọ́n ń jíròrò ibi tí wọ́n máa gbé mi sí, èmi sì wà ní kọ̀rọ̀ níbẹ̀, mò ń gbọ́ wọn. Ìyá àgbà ló sọ pé, ẹ bi í. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn ló jẹ́ kí n wà nílé mi lónìí, mò ń tún rédíò àti fóònù ṣe, mo ní ìyàwó. Lọ́yà, ẹ mẹ́nu kan abala 16, ẹ kò mẹ́nu kan 19. Abala 19 ní aláàbọ̀ ara lẹ́tọ̀ọ́ láti yan ibi tó máa gbé àti ẹni tó máa bá gbé, wọn ò sì gbọdọ̀ fi dandan mú un lọ gbé ilé kan. Àyẹ̀wò ilé dára, mo fara mọ́ ọn, àmọ́ kí a tó béèrè pé ilé wo ló dára, ká kọ́kọ́ béèrè ìdí tó fi gbọ́dọ̀ kúrò nílé bàbá rẹ̀. Owó oṣù mẹ́ta tí ẹ san yẹn, ṣé kò lè gba ẹnì kan tó máa wà pẹ̀lú rẹ̀ ní Ìsánlú?

Nǹkan kan kù tó ń bí mi nínú. Àwọn onílé kan ń to àwa aláàbọ̀ ara sí ìta bí ọjà, wọ́n ń fi wá tọrọ owó. Òfin 2019 yẹn kọ̀ ọ́ ní abala 16 tiẹ̀, ₦100,000 tàbí oṣù mẹ́fà lẹ́wọ̀n ni fún ẹni tó bá kó aláàbọ̀ ara káàkiri fi ṣagbe. Tí ẹ bá rí i, ẹ má ju owó sí i, ẹ fẹjọ́ sùn.

ỌmọÌsánlú
Bàbá Mọ̀pà, ọ̀rọ̀ yín gún mi lọ́kàn. Òótọ́ ni, mi ò bi í. Gbogbo wa ló pinnu, òun kàn gbé báàgì ẹ̀ tẹ̀ lé mi ni. Màá lọ.

Lọ́yàKàbà
Tí ẹ bá lọ, ẹ má lọ lẹ́yin nìkan, ẹ mú ọkùnrin kan nínú ẹbí dání. Tí ẹ bá rí aburú, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an, ọjọ́, aago, ohun tí ẹ fojú rí, ẹ má kọ ohun tí ẹ gbọ́ lẹ́nu ènìyàn pọ̀ mọ́ ọn. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀dà mẹ́rin: ọ̀kan fún mínísírì ọ̀rọ̀ obìnrin àti ìdàgbàsókè àwùjọ ní Lọ́kọ́jà, ọ̀kan fún welfare káńsù, ọ̀kan fún àjọ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti ìjọba torí òfin wọn fún wọn lágbára láti wọ ibikíbi tí wọ́n bá ti ti ènìyàn mọ́lé, ìkẹrin tiyín. Kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí tiyín níbi tí ẹ bá ti fi sílẹ̀. Lẹ́tà tí kò ní òǹtẹ̀, wọ́n á ní àwọn ò rí i.

ỌmọÌsánlú (ọjọ́ kẹsàn-án)
Òkun o. A lọ, èmi àti àbúrò bàbá mi. Kàbà la sùn mọ́jú, aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ la ti wà ní géètì. Ọmọdébìnrin tó ń gbálẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn fún wa, a ò dúró ní pálọ̀.

Ìta ni bóòtì wà, bàbá. Àwọn mẹ́fà ló wà nínú yàrá yẹn, fóòmù mẹ́ta. Ojú okùn wà lọ́rùn ẹsẹ̀ ọkùnrin kan, ó ti di egbò. Ti àbúrò mi kò sí, àmọ́ ó ti rù. Mo béèrè ìwé oògùn, kò sí. Nọ́ọ̀sì, mo ka hóró bí ẹ ṣe sọ. 90 ni mo fi sílẹ̀ lọ́jọ́ tí mo mú un wá, méjì lójúmọ́, ọjọ́ 24, 42 ló yẹ kó kù. Mo bá 71.

Mo jókòó ti àbúrò mi lórí fóòmù yẹn, mo bi í pé níbo lo fẹ́ wà. Ó ní ilé màmá. Mo ní màmá ò sí níbẹ̀ mọ́ o. Ó ní òun mọ̀, àmọ́ igi máńgòrò wà níbẹ̀. A mú un lọ. Wọn ò dá owó padà, mi ò bá wọn jà lórí ìyẹn.

Mo ti fi lẹ́tà sílẹ̀, òǹtẹ̀ mẹ́ta wà lórí tèmi. Wọ́n ní wọ́n máa rán ènìyàn lọ, wọn ò tíì rán. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè màá padà lọ béèrè, torí àwọn márùn-ún ṣì wà nínú yàrá yẹn, pàápàá ẹlẹ́gbò yẹn, mi ò lè gbàgbé ojú ẹ̀.

Àbúrò bàbá mi lè sùn tì í lálẹ́, ọ̀sán ni kò sẹ́ni. Mo ń wá ẹni tó máa wà pẹ̀lú rẹ̀ ní Ìsánlú láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, màá máa san owó tí mò ń san níbẹ̀ fún un.

BàbáWelfare
Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, èmi náà á wá sí Lọ́kọ́jà. Wọ́n ṣì mọ ojú mi níbẹ̀. A óò jọ wọlé.

ỌmọỌjàÌsánlú
Ẹ̀gbọ́n, ilé wa ò jìnnà sí ilé màmá yín, mo mọ igi máńgòrò náà. Ìyá mi fẹ̀yìn tì nílé ìwé, wọn ò ní iṣẹ́ mìíràn lọ́sàn-án, mo ka ọ̀rọ̀ yín sí wọn létí. Wọ́n ní àwọn máa ṣe é, kí n kọ́kọ́ bi yín aago mélòó ló ń lo oògùn àárọ̀.

ỌmọÌsánlú
Aago méje, lẹ́yìn tó bá jẹun. Ẹ bá mi kúnlẹ̀ fún ìyá.